Ìkìlọ̀: Ẹ Ṣọ́ra fún Kọ́ńdẹ́ńsà Hilux Tí Wọ́n Fi Ọ̀dà Bò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa Hilux l'Ékòó, tí AC ọkọ̀ yín ti dákẹ́, tí wọ́n sì ní kẹ́ ẹ lọ ra kọ́ńdẹ́ńsà (ohun tó máa ń tú ooru gáàsì AC dà síta) tòkunbọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Òkúta ló fò lu tèmi lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Iwájú ráàdíétọ̀ ni kọ́ńdẹ́ńsà máa ń wà, òun ni òkúta sì máa ń kọ́kọ́ bá. Ọjọ́ náà gan-an ni gáàsì tú dànù. Mo gba Ládípò lọ, ní Mushin. N kò tíì dé ìsọ̀ ẹni tí mo mọ̀ tí ọkùnrin kan fi pàdé mi lọ́nà: "Àǹtí mi, ti Hilux lẹ ń wá? Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ láti Belgium ni, ẹnì kankan ò tíì lò ó ní Nàìjíríà." Ó dúdú, ó ń dán. Mo san ₦70,000. Mo tún san ₦25,000 fún gáàsì, ₦15,000 fún iṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹjọ, nínú gosíló Ọjọ́ta, lọ́sàn-án gangan, atẹ́gùn gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sí wa lójú. Màmá mi ni mo ń gbé bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Òógùn bò wọ́n, wọn ò lè mí dáadáa. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà kọjá ti owó.

Nígbà tí mẹkáníìkì mi tú u sílẹ̀, èékánná lásán ló fi họ ọ̀dà náà tí gọ́ọ̀mù líle fi yọjú lábẹ́ rẹ̀. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí, wọ́n wá fọ́n ọ̀dà dúdú bò ó. Kò sí bí gọ́ọ̀mù ṣe fẹ́ dúró níbẹ̀. Nǹkan bíi 30 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́) ni afẹ́fẹ́ inú taya. Bí oòrùn bá mú, tí ọkọ̀ ò sì rìn nínú gosíló, gáàsì inú kọ́ńdẹ́ńsà lè kọjá 250 psi, ó sì tún gbóná.

Òmíràn wà tó burú ju èyí lọ. Bí kọmpírẹ́sọ̀ ọkọ̀ kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC kiri, bá lọ ara rẹ̀ kúnná, èérún irin rẹ̀ á ṣàn wọnú kọ́ńdẹ́ńsà. Ihò inú kọ́ńdẹ́ńsà òde òní tín-ín-rín débi pé kò ṣe é fọ̀ mọ́. Irú ẹ̀ ni wọ́n máa ń tú tà, bẹ́ ẹ bá sì gbé e sínú ọkọ̀ yín, kọmpírẹ́sọ̀ tiyín náà lè bá a lọ. Ẹ ti òwú funfun bọ ẹnu páìpù rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Bó bá yọ òróró dúdú tàbí ohun tó ń tàn bíi fàdákà, ẹ gbé e fún wọn padà.

Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Tòkunbọ̀ gidi kì í rùn ọ̀dà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí páìpù ti wọlé, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń lẹ̀ jù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fẹ́ náítírójìn sí i tó 250 psi, kí wọ́n rì í sínú omi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ sì dúró tì í. Bí ìfófó bá ń yọ nínú omi, ó ń jò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà dán an wò! Ọ́síjìn tó bá pàdé òróró inú rẹ̀ lè bú gbàù, ó sì lè pa èèyàn.

Mo padà lọ bá ọkùnrin náà. "Ṣé èmi ni mo bá yín gbé e sínú ọkọ̀ ni?" ni gbogbo èsì tó fún mi. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ni ìsọ̀ ní òun ò mọ̀ ọ́n rí, pé ó kàn máa ń dúró síwájú ìsọ̀ òun ni. Àwọn olóòótọ́ wà ní Ládípò o. Bàbá tí mo padà ra òmíràn lọ́wọ́ wọn ló fúnra wọn ní ká kọ́kọ́ rì í sínú omi, wọ́n sì kọ rìsíìtì fún mi.

Rìsíìtì yẹn ṣe pàtàkì, torí èyí tí mo kọ́kọ́ rà kò ní. Òfin ọdún 2018 tó dá FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, sílẹ̀ ní ẹni tó bá ń ta ohun àtúnṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé àtúnṣe ni, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà. Kọ́ńdẹ́ńsà onígọ́ọ̀mù náà ṣì wà lẹ́yìn Hilux mi, pẹ̀lú ẹ̀rí owó tí mo fi ránṣẹ́ láti fóònù mi. Lọ́jọ́ Ajé, mò ń gbé e lọ bá àjọ FCCPC. Bí ọkùnrin yẹn bá ti ta irú rẹ̀ fún ẹ̀yin náà, ẹ má sọ tiyín nù, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.