Jaekel House ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta: ilé àtijọ́ kan àti ilẹ̀ tí ó yí i ká

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè ibi tí ó lè kó àwọn ọmọ lọ ní ọjọ́ Sátidé ní ìlú Èkó, tí kì í ṣe etí òkun, tí kì í sì í ṣe ilé ìtajà ńlá, Jaekel House tí ó wà nínú ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, orí ilẹ̀ gbàràmù tí igi àti koríko pọ̀ sí ni ó sì dúró sí. Àwọn tí wọ́n bá ti débẹ̀ sábà máa ń ròyìn àwọn àwòrán àtijọ́ tí ó wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ilẹ̀ náà. Lójú tèmi, ilé àti ilẹ̀ ni ó para pọ̀ jẹ́ ohun tí à ń lọ wò. Ẹni tí ó bá wo àwòrán tán tí ó sì padà sílé láìrìn yí ọgbà náà ká, ìdajì ni ó rí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta jẹ́ nígbà tí wọ́n kọ́ ilé yìí. Ní ọdún 1867, nígbà tí Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn Ẹ̀gbá onígbàgbọ́ bá wọn wá sí Èkó, Glover tí ó ń ṣe àkóso Èkó nígbà náà sì fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ìlú àwọn ẹni tí ó sá àsálà ni rélùwéè wá bá níbẹ̀. Lásìkò tí wọ́n ń kọ́ Jaekel House, iṣẹ́ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti Ìddó ń lọ lọ́wọ́, ó gba Abẹ́òkúta kọjá títí ó fi dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ àti ọkọ̀ ṣe, ibẹ̀ náà ni olú iléeṣẹ́ rélùwéè wà títí di òní. Nítorí náà ni wọ́n fi kọ́ ilé fún àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ sínú ọgbà kan náà, kí ibi iṣẹ́ má baà jìnnà sí ibùgbé.

Francis Jaekel tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé náà jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rélùwéè ilẹ̀ wa. Ó lò tó nǹkan bí ọdún 30 lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó sì kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà sílẹ̀ ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Inú mi dùn sí i pé ẹni tí ó jókòó ti ìtàn náà títí ó fi kọ ọ́ tán ni wọ́n bu ọlá fún báyìí. Ẹgbẹ́ Legacy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1995 láti máa dáàbò bo àwọn ilé àtijọ́ àti àyíká wọn, ni ó gba iṣẹ́ àtúnṣe ilé náà rò, ayàwòrán ilé John Godwin sì ni ó darí iṣẹ́ ọ̀hún, tí wọ́n parí ní ọdún 2010. Àtúnṣe tí ó mọ́ ni. Wọn kò sọ ilé náà di tuntun, wọn kò sì fi dígí àti táìlì bo ohun tí àwọn àgbà fi pákó ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí pákó yìí, nítorí pé òun ni ó wù mí jù. Bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn dé òkè, pákó ni ẹ ó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ yín bí ẹ ti ń lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níta yàrá, ó fẹ̀ tó láti gba àga, kí ènìyàn sì tún rí àyè kọjá. Pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni wọ́n tò sí ojú fèrèsé, wọ́n fi àlàfo díẹ̀ sáàárín ọ̀kan sí èkejì, tí ó fi jẹ́ pé bí fèrèsé bá tilẹ̀ wà ní títì, atẹ́gùn a máa wọlé, òjò kò sì ní wọlé. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi sí iwájú ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀sán gangan. Atẹ́gùn tí ó ń bọ̀ láti abẹ́ igi tutù ju èyí tí mo bá pàdé ní ojú títì lọ. Nígbà náà ni ó yé mi dáadáa ìdí tí wọn kò fi kọ́ ilé náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé mìíràn. Igi ni ó ń sọ atẹ́gùn di tútù, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó ń dènà oòrùn, àjà gíga ni ó ń gba ooru sókè kúrò lórí ènìyàn. Bí wọ́n bá gé igi wọ̀nyẹn, tí wọ́n sì kọ́ ilé alájà mẹ́fà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, fèrèsé yẹn yóò ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é yóò ti bàjẹ́. Àwa tí a ń kọ́ ilé sí Èkó lónìí, tí a ń fi dígí dí ojú gbogbo ògiri, tí a sì ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ amúlétutù lè ṣiṣẹ́, ó yẹ kí a lọ dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Àwọn àwòrán tí ó wà nínú ilé náà ti pẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti bíi ọdún 1940 títí dé sáà ọdún 1970, wọ́n sì ń fi àwọn ènìyàn, ibi àti ìṣẹ̀lẹ̀ ìgbà tí òmìnira kò tíì dé hàn wá, títí kan díẹ̀ lára ohun tí ó tẹ̀lé e. Ọmọdé tí kò mọ rélùwéè ju ọkọ̀ tuntun tí ó ń lọ sí Ìbàdàn lọ yóò rí ohun púpọ̀ bi àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan wà tí ọkàn mi ń fẹ́: kí ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ kékeré túbọ̀ gbilẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí wọ́n ru irin, tí wọ́n da èédú sínú iná, tí wọ́n sì dúró ti ẹ̀rọ tọ̀sán tòru. Ara àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè yìí ni Michael Imoudu ti jáde, ẹni tí ó ṣe aṣáájú wọn, tí ìjọba àmúnisìn sì lé kúrò ní Èkó, kí ó tó padà dé ní ọdún 1945, ọdún kan náà tí ìyanṣẹ́lódì ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú ọgbà rélùwéè yìí ni ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà ti gbóná. Bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá gbọ́ ìyẹn lórí ilẹ̀ tí ó ti ṣẹlẹ̀, kò ní gbàgbé.

Ilẹ̀ náà ńkọ́? Igi máńgòrò wà níbẹ̀, dóńgóyárò wà níbẹ̀, ibòji sì pọ̀ débi pé ènìyàn lè tẹ́ ẹní sílẹ̀ kí ó jẹun láìwá agboòrùn kiri. A pàdé bàbá kan níbẹ̀ tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà.” Wọ́n ní, “Ẹ kú àbọ̀, ọmọ mi. Ẹ máa rọra rìn, ibí yìí kì í ṣe ibi à ń kánjú.” Wọ́n wá ń ṣàlàyé fún wa pé nígbà tí wọ́n gba àwọn síṣẹ́, ènìyàn kì í kàn ṣàdédé wá gbafẹ́ sí ìhà ibẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ni. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ilẹ̀ tí ọmọ iṣẹ́ kò lè jókòó sí nígbà kan ni àwọn ọmọ Oyíǹgbò àti Yábàá ń sáré lórí rẹ̀ báyìí.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù fi ń bà mí bí mo bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ òfìfo. Gbogbo wa ni a rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ilọ́jọ̀ Bar ní Ìta Tinúbú. Ilé tí àwọn tí ó ti Brazil dé fi ọnà wọn kọ́ ni. Ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Orúkọ nínú ìwé ìjọba nìkan kò gba ilé là ní ibi tí ilẹ̀ ti wọ́n. Ibi tí ará ìlú bá ń lọ, tí wọ́n sì mọ̀ bí ẹni mọ owó, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń dun ènìyàn. Ẹ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street tí wọ́n sọ di Freedom Park ní ọdún 2010: nítorí pé èrò ń wọ ibẹ̀ lójoojúmọ́ fún orin, eré orí ìtàgé àti oúnjẹ, kò sí ẹni tí ó lè pè é ní ilẹ̀ òfìfo. Jaekel House kò nílò irú ariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó nílò ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn.

Ọ̀nà ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ó ń bọ̀ láti Agége, Ìkẹjà tàbí Oṣòdì lè wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní ọdún 2024, kí ó sì sọ̀ ní Oyíǹgbò. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn wá yóò sọ̀ ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson ní Alágoméjì, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2021. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ojú irin méjèèjì ní àdúgbò náà: ti àtijọ́ fẹ̀ ní mìlímítà 1,067, ti tuntun sì fẹ̀ ní 1,435, ojú lásán sì tó láti fi mọ ìyàtọ̀ wọn. Inú ọgbà iléeṣẹ́ ni ilé náà wà, nítorí náà ẹ pè ṣáájú kí ẹ tó gbéra, ẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dáadáa, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ń lọ. Wọ́n máa ń ṣe ìgbéyàwó àti àpèjẹ lórí ilẹ̀ náà nígbà mìíràn, ẹni tí ó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kí ó béèrè ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ. Ẹ gbé omi mímu dání, ẹ wọ bàtà tí ó rọrùn láti fi rìn, kí ẹ sì débẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ lè rí àyè jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo inú ilé tán.