Ọṣẹ dóńgóyárò àti àgúnmu aràn ajá láti Ọjà Jagun: èyí tí mo tún máa rà àti èyí tí n kò ní rà

Eégbọn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wé ọmọ. Ajá méjì ni mo ń sìn nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, Tanímọ̀la àti ìyá rẹ̀, pẹ̀lú ológbò kan tí a ń pè ní Músù. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, eégbọn kún etí Tanímọ̀la fọ́fọ́, irun ẹ̀yìn rẹ̀ ń re, ó sì ń họra títí awọ fi pọ́n. Oògùn olómi tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn ajá wà ní ilé oògùn ẹran, mo sì mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó rẹ̀ fún ajá méjì lóṣooṣù ti ju agbára mi lọ. Àwọn ọdẹ tó máa ń gba àdúgbò wa kọjá ló júwe ìyá kan fún mi ní Ọjà Jagun. Wọ́n ní ọṣẹ rẹ̀ làwọn fi ń wẹ ajá tí àwọn ń kó lọ sóko.

Ohun mẹ́ta ni mo rà: ọṣẹ, ìpara àti àgúnmu. Ọṣẹ jẹ́ ₦1,500, ìpara ₦2,000, àgúnmu ₦1,000. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC lára ìkankan nínú wọn, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹni tó bá ń wá ọjà tó ní ìwé, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu débẹ̀.

Ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ lò. Ọṣẹ dúdú ni, wọ́n gún ewé dóńgóyárò tútù mọ́ ọn, òórùn kíkorò rẹ̀ sì máa ń kí èèyàn kó tó tú ọ̀rá. Mo fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ajá, mo fi ọṣẹ pa á lára, mo sì jẹ́ kó wà lára rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó ṣan án kúrò. Ẹ di ẹnu ajá mú lásìkò yẹn kó má báa lá a, kí ẹ sì ṣọ́ ojú rẹ̀. Eégbọn kéékèèké dín kù gan-an láàárín ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Àwọn ńlá tó ti ki orí bọ awọ kò mira rárá. Ohun tó wà nínú dóńgóyárò kì í pa kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń mú kí oúnjẹ sú wọn, kì í sì í jẹ́ kí àwọn kékeré gbó. Ọwọ́ ni mo fi yọ àwọn ńlá: ẹ fi ohun tó ní ẹnu tín-ín-rín mú wọn nídìí, níbi tí orí ti wọ awọ, kí ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da kẹrosíìnì lé e lórí bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó ń bó awọ, ajá á sì tún lá a.

Ohun kan wà tí ọṣẹ kankan kò lè ṣe. Abo eégbọn kì í yé ẹyin sára ajá. Tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á jábọ́, á wá inú ògiri tó sán lọ, ẹyin tí ọ̀kan ṣoṣo máa ń yé níbẹ̀ sì lè lé ní ẹgbẹ̀rún. Bí ẹ bá wẹ ajá lójoojúmọ́ tí ẹ kò kan ilé rẹ̀, òfo ni. Mo da omi gbígbóná sí ilé àwọn ajá wa, mo sì fi sìmẹ́ǹtì dí ògiri tó sán. Tọkàntọkàn ni mo fi gbà pé iṣẹ́ yìí ṣe ju ọṣẹ lọ.

Àléébù ọṣẹ náà ni pé ó ń gbẹ awọ. Eérú wà nínú ọṣẹ dúdú, awọ ajá kò sì gba ọṣẹ tó le tó ti èèyàn. Nígbà tí ara Tanímọ̀la bẹ̀rẹ̀ sí í fún, mo dín ìwẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo sì ń fi òrí pa á lára. Òrí kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹ dúpẹ́ fún igi ẹmì.

Ìpara ló yà mí lẹ́nu. Àdín àti imí ọjọ́ ni. Kí n tó lò ó, dókítà ẹran ti fá awọ ibi tó pọ́n náà wò, ó sì rí kòkòrò tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Mo ní kí ló rò nípa imí ọjọ́, ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi tọ́jú irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, kí n ṣáà má jẹ́ kí ajá máa lá a. Irun ti ń hù padà báyìí. Òórùn rẹ̀ ni n kò lè parọ́ fún yín nípa rẹ̀: ẹyin tó ti bàjẹ́ gan-an ni. Ìyàwó mi ní kí ajá máa sùn níta.

Àgúnmu aràn ló kù. Mo bi ìyá pé, “Mà, kí ló wà nínú ẹ̀?” Wọ́n ní, “Ewúro, èso ìbẹ́pẹ, aáyù díẹ̀, ọmọ mi. Ohun tá à ń jẹ náà ni.” Àwa ń jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n aáyù àti àlùbọ́sà máa ń ba sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ti ológbò tún burú jù. Ì báà jẹ́ tútù, sísè tàbí gbígún, ọ̀kan náà ni. N kò fún ìkankan nínú àwọn ẹran mi jẹ. N kò ní ìjà pẹ̀lú ewúro fúnra rẹ̀ o. Àwọn onímọ̀ ti rí ìnàkí ní òkè Mahale ní Tanzania tí wọ́n ń jẹ inú ọ̀pá ewúro nígbà tí aràn bá ń dà wọ́n láàmú. Àmọ́ ìnàkí ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn tirẹ̀. Ta ló wọn ti ajá mi? Oògùn aràn dókítà kò wọ́n, ìwọ̀n ara ajá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sì yẹ kí ọmọ ajá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, torí inú ìyá wọn ni aràn ti ń wọ̀ wọ́n.

Ìyá náà tún fẹ́ ta ohun kan fún mi fún ajá tó bá ya dìgbòlugi. Mo dúpẹ́, mo kúrò níbẹ̀. Bí àmì àrùn yẹn bá ti yọ, bóyá lára ajá tàbí lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọdọọdún ni ti ajá. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà.

Ní ti Músù, n kò fi ọṣẹ tàbí ìpara kàn án. Ológbò á fi ahọ́n wẹ ara rẹ̀ tán, ohun tí ẹ bá fi pa á lára ti di jíjẹ nìyẹn. Oògùn eégbọn ajá tó ní permethrin nínú pàápàá lè pa á.

Nínú máàkì márùn-ún, mo fún ọṣẹ ní mẹ́rin, ìpara mẹ́rin, àgúnmu òdo. Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ọṣẹ kékeré ni kí ẹ rà, torí ewé tútù inú rẹ̀ máa ń hu funfun tó bá pẹ́. Ẹ mú ike tiyín dání fún ìpara. Ìyá máa ń yọ ₦200 kúrò nínú owó rẹ̀.