Iṣẹ́ Dára, Ọjà Kò Pé: Àyẹ̀wò Ìdìbò Gbogbogbòò Ìlú Ọba, Oṣù Kẹfà 2017

Lẹ́ẹ̀dì kúkúrú kan tí wọ́n fi okùn so mọ́ pákó ni mo fi dìbò ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 2017, nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí n tó sọ ohun tó bí mi nínú, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé láti ìgbà tí ìjọba ti ń ṣe iṣẹ́ fún mi, yálà nílé tàbí lókè òkun, n kò tíì rí èyí tó rọrùn tó o. Ọjọ́ 18 lẹ́yìn náà ni ohun tí a dìbò fún tó di ohun tí a lè pè ní ìjọba, kò sì jọ ohun tí mo rán wọn rárá. Aránṣọ ni mí. Bí mo bá wọn ara oníbàárà dáadáa, tí mo gé aṣọ náà bó ṣe yẹ, tí ojú rírán rẹ̀ sì gún régé, ṣùgbọ́n tí kò gba ọrùn ẹni tó ni ín, kò sí ẹni tí yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi nítorí ojú rírán. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ àyẹ̀wò yìí bí ẹni tó ra ọjà, tó sì fẹ́ kí ẹlòmíràn mọ ohun tó máa bá níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ wa ni kò tilẹ̀ mọ̀ pé ọjà náà wà fún wa. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé àṣẹ láti máa gbé Ìlú Ọba lè dìbò yan aṣòfin, bí kò tilẹ̀ tíì gba ìwé ọmọ onílùú, nítorí pé Nàìjíríà wà nínú àjọ Commonwealth. Ará Faransé tàbí Jámánì tó ti ń gbé àdúgbò kan náà láti 20 ọdún kò lè dì í. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi san owó orí kí obìnrin kan tó sọ èyí fún mi nínú bọ́ọ̀sì, mo sì rò pé ó ń tan mí jẹ ni. Ní ọdún 2017 yẹn, ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ni wọ́n fi gbèdéke sí ìforúkọsílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18 ní oṣù Kẹta, fi fóònù ṣe tirẹ̀ lórí àga ṣọ́ọ̀bù mi; nọ́mbà ìdánimọ̀ tí a fi ń san owó orí ni wọ́n béèrè, kò sì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi parí.

Ibùdó ìdìbò ṣí láti aago méje àárọ̀ títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Kò sí ẹni tó ti ojú títì pa, kò sí ẹni tó ní kí ọlọ́jà má ṣí ilẹ̀kùn. Mo rán bùbá méjì parí kí n tó bọ́ sóde. Àgbàlagbà ọkùnrin kan ni mo bá lẹ́yìn tábìlì. Mo na ìwé ìrìnnà mi sí i, ó ní kí n fi pamọ́, pé orúkọ àti àdírẹ́sì mi nìkan ni òun ń fẹ́. Ó wá orúkọ náà rí nínú ìwé, ó gbé rúlà lé e, ó sì fa ìlà kan kọjá lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára aṣọ kí n tó gé e. Gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nígbà náà, ní 2017, nìyẹn. Ara mi kò gbà á. Kí ló dé tí ẹlòmíràn kò lè wá pe orúkọ mi ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kó dìbò mi, kó sì máa bá tirẹ̀ lọ? Ní Northern Ireland, tó wà lábẹ́ ìjọba kan náà, wọ́n ti ń béèrè káàdì tó ní àwòrán láti ọdún 2003, nítorí náà kì í ṣe pé wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo yọ máàkì díẹ̀ nítorí èyí. Ọmọ mi ní kò yẹ kí n yọ nǹkan kan, pé ìwà ìfura tí mo kó wá láti ilé ló ń dà mí láàmú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí aago mẹ́wàá alẹ́ ṣe lù, kí ẹnikẹ́ni tó ka ìwé ìdìbò kan, tẹlifíṣọ̀n ti gbé iye tí wọ́n fojú bù jáde, láti ẹnu àwọn tí wọ́n bi léèrè bí wọ́n ṣe ń jáde ní ibùdó ìdìbò: àga 314 fún ẹgbẹ́ Conservative, 266 fún Labour. Nígbà tí ohun gbogbo parí, 317 ni Conservative ní láìka Alága Ilé, Labour sì ní 262. N kò mọ babaláwo tí àfọ̀ṣẹ rẹ̀ sún mọ́ òótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ní wákàtí kan péré lẹ́yìn tí wọ́n ti ilẹ̀kùn, ẹkùn ìdìbò Newcastle Central ti kéde tiwọn, Chi Onwurah, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló sì wọlé níbẹ̀. Mo pàtẹ́wọ́. Mo tún pàtẹ́wọ́ fún Kemi Badenoch àti Bim Afolami, ọmọ Yorùbá méjì tó wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá wọlé kọ́ ni mo dì í fún. Ẹ̀jẹ̀ kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú ní aago mẹ́ta òru.

Àga 650 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dá ìjọba ṣe sì gbọ́dọ̀ ní 326. Ní ojú ayé, ó dín díẹ̀ sí iye yẹn, torí àwọn méje tí ẹgbẹ́ Sinn Féin ti Northern Ireland mú kì í gba àga wọn. Bí a bá tilẹ̀ yọ àwọn yẹn kúrò, kò sí ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ pé. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ẹni tó fi ipá mú Theresa May, olórí ìjọba nígbà náà, láti pe ìdìbò yìí. Àga 330 ni ẹgbẹ́ rẹ̀ mú ní 2015, ó sì lè lo ìyẹn títí di 2020, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ó jáde síta pé òun fẹ́ kí ọwọ́ òun túbọ̀ lágbára láti bá àwọn ará Yúróòpù jíròrò lórí bí Ìlú Ọba yóò ṣe jáde kúrò láàárín wọn. Ẹ̀lulùú tó bá pe òjò, orí ara rẹ̀ ló ń pè é lé. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwa tó wà lábẹ́ igi kan náà ni òjò ọ̀hún jọ pa. Ọmọ mi yí ojú sí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní, “Mọ́mì, ta ló wá wọlé?” Mo ní, “Gbogbo wọn ló wọlé, kò kàn sí ẹni tó rí ibi jókòó ni.”

Ibi tí mo ti rí àbùkù tó tóbi jù lára ọjà náà ni ìwọ̀n. Ìbò kan ni wọ́n fún olúkúlùkù, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n kò dọ́gba. Ní ẹkùn ìdìbò tiwa, Camberwell and Peckham, Harriet Harman ti Labour fi ohun tó lé ní 37,000 ìbò ju ẹni tó tẹ̀ lé e lọ, nítorí náà bí èmi, ọmọ mi àti gbogbo ará òpópónà wa bá sùn sílé lọ́jọ́ náà, ibi kan náà ni èsì ìbá já sí. Ní North East Fife, ní Scotland, ìbò méjì péré ni ẹni tó wọlé fi ju èkejì rẹ̀ lọ. Ìbò méjì! Tọkọtaya kan tó bá jà ní àárọ̀ ọjọ́ náà, tí wọ́n sì kọ̀ láti jáde, ìbá ti sọ ọ́ di ọ̀mì. Ní Kensington, tí kò ju wákàtí kan lọ sọ́dọ̀ wa nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà títí tó fi rẹ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí wọ́n lọ sùn, wọ́n sì padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kí wọ́n tó kéde pé Labour fi 20 ìbò wọlé. Bí ẹni tó ra gàrí ní kóńgò kan náà, tó bá délé tó rí i pé kóńgò aládùúgbò òun jìn ju tòun lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó rí lára mi.

Nílé, bí èsì kò bá yanjú, a mọ ohun tó kàn. Ní ìpínlẹ̀ Kogi ní oṣù Kọkànlá 2015, àjọ elétò ìdìbò ní ìbò gómìnà kò parí, nítorí pé iye àwọn tó forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti fagi lé ìbò ju iye tí ẹni àkọ́kọ́ fi ṣáájú lọ, wọ́n sì ní kí àwọn ará ibẹ̀ padà wá dìbò. A fi ọ̀rọ̀ inconclusive ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi di ohun tí ọmọdé ń sọ tí a bá ní kó fọ abọ́. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: olùdìbò ni wọ́n padà sọ́dọ̀. Níhìn-ín, ọwọ́ àwọn olóṣèlú ni ọ̀rọ̀ padà sí. Ẹgbẹ́ DUP, tó mú àga mẹ́wàá ní Northern Ireland, tí kò sì sí orúkọ rẹ̀ lórí ìwé ìdìbò kankan ní Lọ́ńdọ̀nù, ni Conservative lọ bá nájà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, wọ́n fẹnu kò pé àwọn mẹ́wàá náà yóò máa ti ìjọba lẹ́yìn lórí ètò ìnáwó àti nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìbò lé ìjọba kúrò, wọ́n sì ya bílíọ̀nù kan pọ́ùn sọ́tọ̀ fún Northern Ireland. N kò bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe ìlara. Ẹni tí ọjà rẹ̀ wọ́n ló ń dá iye lé e. Ṣùgbọ́n èmi oníbàárà kò sí níbi ìnájà yẹn, ẹnì kan kò sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá bó ṣe rí yìí tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà tí ìnájà náà ṣì ń lọ lọ́wọ́, ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, àgbà kan láti Abẹ́òkúta wá gba agbádá rẹ̀. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó wọ̀ ọ́, ó yẹ ara rẹ̀ wò nínú dígí, ó wá ní, “Ìyàwó wa, ọjọ́ wo ni àwọn òyìnbó yín máa fagi lé tiwọn?” A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 1993, mò ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, ìbò àkọ́kọ́ tí mo dì láyé mi sì nìyẹn. Èsì tòótọ́ wà nílẹ̀ nígbà náà, gbogbo ayé sì mọ ibi tó ń lọ. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìjọba ológun Babangida fagi lé e, pẹ̀lú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò buwọ́ lù. Ọ̀gá mi ka ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé ìròyìn, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì gé aṣọ lórí rẹ̀.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ yìí. Ìforúkọsílẹ̀, ibùdó ìdìbò àti kíkà ìbò ló gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀kankan. Ẹ̀yin tí ẹ lẹ́tọ̀ọ́, tí ẹ kò sì tíì forúkọ sílẹ̀, mo rọ̀ yín kí ẹ lọ ṣe é. Ẹ má kàn retí pé ohun tí ẹ máa bá nílé ni ohun tí ẹ yàn lórí ìwé.

Ìwé àdéhùn tí àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ọmọ mi ṣí i lórí fóònù rẹ̀ ní ọjọ́ tó jáde, a sì jọ kà á láàárín òkìtì àǹkárá. Gavin Williamson fọwọ́ sí i fún Conservative, Jeffrey Donaldson fún DUP. Mo ní kó padà sí ojú ìwé tí orúkọ wọn wà, mo sì tún wò ó. Ó bi mí pé ibo ni Peckham wà nínú rẹ̀. Mo ní kò sí níbẹ̀, kó lọ bá mi mú ṣọ́ọ̀kì wá.