Ẹ ṣọ́ra fún "ọmọ wa" tó ń ta Medicare káàkiri ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó ń sún mọ́ ọmọ ọdún 65 ní Houston àti àgbègbè rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó gba Medicare, inṣọ́ránsì ìlera tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fún ẹni tó bá ti pé 65. Ẹ̀yin ọmọ tí òbí yín wà lọ́dọ̀ yín, ẹ kà á fún wọn. Ẹni tó bá jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi ni mo sì jìn.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún 26 ni mo fi ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ọsibítù kí n tó fẹ̀yìn tì ní ìparí oṣù kejì ọdún 2025. Mo mọ oògùn, mo mọ ibi tí iṣan wà lára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì, àwọn ará ọ́fíìsì ló máa ń bá mi ṣe é. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tí kò kàwé nìkan ni wọ́n ń rí mú.

Ní oṣù kìíní 2025, ọmọkùnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́yìn ìsìn. Ó dé fìlà gọ̀bì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún gbogbo àgbà, Yorùbá rẹ̀ sì dán bíi ti ẹni tí ìyá àgbà tọ́. Ó ní òun wá "láti ọ̀dọ̀ Medicare" láti wá là wá lóye. Ó gbé kúlà ńlá wá, ó gbé jọ́lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín àti adìyẹ díndín wá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. "Mọ́mì, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Wọ́n á fún yín ní káàdì tí ẹ ó máa fi ra oúnjẹ. Eyín wà níbẹ̀, awò ojú wà níbẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ lọ sí Nàìjíríà, ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀."

Mo bi í léèrè nípa dókítà ojú mi. Glaucoma ló fọ́ ìyá mi lójú, ó ti wà lára èmi náà, ọdún 11 sì ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ṣoṣo. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, dókítà wo ni kì í gba Medicare?"

Ẹ wo ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ yẹn. Lóòótọ́ ni dókítà mi ń gba Medicare. Ohun tí òun ń tà kì í ṣe Medicare tí dókítà mi ń gbà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an, nínú mọ́tò mi níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ya fọ́tò káàdì Medicare mi, ó pe obìnrin kan lórí fóònù, ó ní, "Ohunkóhun tó bá bi yín, ẹ sáà máa sọ pé yes." Mo sọ yes, mo sọ yes. Nínú àwọn ìbéèrè yẹn, wọ́n bi mí bóyá ó yé mi pé dókítà tiwọn nìkan ni mo lè máa lò. Mo sọ yes. Ohùn mi ló wà lórí rẹ̀, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí kò ṣàlàyé. Ọ̀nà méjì ló wà. Àkọ́kọ́ ni Medicare ti ìjọba gan-an, èyí tí Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí ní 1965: Part A fún ìtọ́jú inú ọsibítù, Part B fún dókítà. Dókítà yòówù tó bá ń gba Medicare ní gbogbo Amẹ́ríkà, ẹ lè lọ bá a. Ṣùgbọ́n kì í san gbogbo owó tán. Lẹ́yìn owó ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tí ẹ̀yin fúnra yín ó kọ́kọ́ san, ìdá 80 nínú 100 ni Part B sábà máa ń san, ìdá 20 tó kù kò sì ní gbèdéke. Ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń ra Medigap láti fi dí àlàfo yẹn, tí wọ́n sì ń ra Part D fún oògùn. Ọ̀nà kejì ni Medicare Advantage. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì aládàáni ló ń ṣe é. Ìjọba á máa sanwó fún wọn lórí yín, wọ́n á sì máa tọ́jú yín lọ́nà tiwọn: dókítà tiwọn, àdúgbò tiwọn, àti pé ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ńlá, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí i.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò sọ pé Advantage jẹ́ jìbìtì. Àbúrò mi wà nínú ọ̀kan ní Dallas, gbogbo dókítà rẹ̀ ló wà nínú ìwé wọn, iye tó lè ná lọ́dún ní gbèdéke, ara tù ú. Jìbìtì ni kí èèyàn ta á fún ọ láìjẹ́ kí o mọ̀ pé òun lo rà.

Ti "ọ̀fẹ́" yẹn ńkọ́? Owó plan náà, ìyẹn ètò Advantage tí mo wọ̀, ni kò sí. Owó Part B ń lọ ní tiẹ̀: $185 lóṣù ní 2025, ó ti di $202.90 ní 2026. Inú Social Security mi, owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba ń san fún mi, ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú mi ní oṣù kẹrin, ọmọ tó wà níwájú wo káàdì mi tuntun, ó ní àwọn kì í gba eléyìí. Mo ní kó tún un wò. Ó tún un wò. Dókítà ojú tí plan mi ní lọ́wọ́, oṣù mẹ́ta ni kí n tó lè rí i. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúnkún mi ọ̀tún dé. Dókítà egungun tiwọn fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ ṣe eré ìdárayá sí i. Èmi tí mo ti fi ọdún 26 dúró lórí orúnkún náà.

Ibi tó dùn mí jù ni mò ń bọ̀ yìí. Láti ọjọ́ tí Part B yín bá bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì ti pé 65, oṣù 6 ni òfin fún yín tí ilé iṣẹ́ Medigap kankan kò gbọ́dọ̀ fi àìsàn kọ̀ yín, tí wọn kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ bù lé owó yín. Oṣù 6 péré. Tèmi ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2025, ó tì ní ìparí oṣù kẹjọ. Ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn tì, n kò mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6 yẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Texas náà wà nínú wọn, wọ́n lè bi yín léèrè gbogbo àìsàn ara yín kí wọ́n sì lé yín padà. New York, Connecticut, Massachusetts àti Maine ni òfin wọn rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo pe ilé iṣẹ́ Medigap kan ní oṣù kẹwàá, ìbéèrè kejì tí obìnrin náà bi mí ni bóyá dókítà ti ní kí n ṣe iṣẹ́ abẹ tí n kò tíì ṣe. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n má bínú.

Kó tó di ìgbà yẹn, mo ti ń pe ọmọkùnrin wa tó tà á fún mi. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi wà nínú plan náà, ìgbà kan ṣoṣo tí fóònù bá dún ni yóò gbé e: "Mọ́mì mi, ẹ ní sùúrù, ó máa tó yanjú." Láti oṣù kẹfà, kò gbé e mọ́. Ẹ̀yìn náà ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ní 2025, òfin gbà kí wọ́n san tó $626 fún éjẹ́ǹtì ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé. Bí onítọ̀hún bá jáde kí oṣù 3 tó pé, wọ́n sábà máa ń gba gbogbo owó náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Sùúrù oṣù mẹ́ta ló ń bẹ̀ mí.

Ọ̀rọ̀ Nàìjíríà tún wà ńlẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ máa lo ìgbà òtútù nílé. Medicare ìjọba kì í sanwó ìtọ́jú lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, àfi ní ìgbà díẹ̀ tí kò kan Ìbàdàn. Àwọn plan Advantage kan ń san ti pàjáwìrì ní òkèèrè, pàjáwìrì nìkan, kì í ṣe oògùn ojú tí ẹ fẹ́ máa rà lóṣooṣù. Bí ẹ bá sì kúrò ní àdúgbò plan yín ju oṣù 6 lọ léraléra, wọ́n lè yọ orúkọ yín. Medigap bíi Plan G àti Plan N ní ìrànlọ́wọ́ díẹ̀: bí pàjáwìrì bá dé láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn àjò, ẹ ó san $250, wọn á san ìdá 80 nínú èyí tó kù, kò sì gbọ́dọ̀ ju $50,000 lọ ní gbogbo ayé yín. Ohun tó ń jẹ́ "ó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà" nìyẹn.

Ẹnìkan láti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ló darí mi sí HICAP, àwọn tó ń gba èèyàn nímọ̀ràn lórí Medicare. Orúkọ tí Texas ń pè é nìyẹn, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ yòókù SHIP ni. Wọn kì í gba kọ́bọ̀, wọn kì í ta nǹkankan. Ìyá òyìnbó kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló jókòó tì mí fún wákàtí méjì ní oṣù kọkànlá. Ó bi mí: ṣé ìgbà tí o kọ́kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí Medicare ní 65 lo wọ Advantage yìí? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ti pé ọdún kan? Mo ní ó ku oṣù díẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. Ó ní irú wa ní oṣù 12 láti fi dán an wò, bí a bá padà sí Medicare ìjọba láàárín rẹ̀, Medigap kò gbọ́dọ̀ kọ̀ wá. Ẹ lè béèrè fún Medigap náà láti ọjọ́ 60 ṣáájú kí Advantage tó parí, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ọjọ́ 63 lẹ́yìn rẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, n kò purọ́. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 ni Plan G mi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú Part D. Mò ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù, ó sì ń dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti padà sọ́dọ̀ dókítà ojú mi.

Ìyá òyìnbó HICAP yẹn náà ló sọ fún mi pé ọmọkùnrin yìí rú òfin bí ẹni ń gún iyán. Éjẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun wá láti ọ̀dọ̀ Medicare. Kò gbọ́dọ̀ pè yín tàbí kan ilẹ̀kùn yín láìjẹ́ pé ẹ pè é. Kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ àjẹyó fa ojú yín mọ́ra, ẹ̀bùn rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju $15 lọ. Nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé ohun tí a fẹ́ sọ, kí wákàtí 48 sì kọjá kó tó bá mi jókòó. Inú mọ́tò, lẹ́yìn jọ́lọ́ọ̀fù, ni ó ṣe tèmi. Mo ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn ní 1-800-633-4227, nọ́ńbà Medicare fúnra rẹ̀, mo sì ti kọ̀wé sí Texas Department of Insurance.

Nítorí náà, kí ẹ tó sọ yes fún ẹnikẹ́ni, ẹ pe ọ́fíìsì dókítà yín fúnra yín, ẹ dárúkọ plan náà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gbà á. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba Medicare. Ẹ tẹ orúkọ oògùn yín sí Medicare.gov kí ẹ wo iye tí yóò jẹ́. Ẹ sì kọ ọjọ́ tí Part B yín bẹ̀rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà, kí ẹ ka oṣù 6 síwájú.

Ẹ̀yin tó sì ń gbára lé COBRA, ìyẹn inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ tí ẹ fúnra yín ń sanwó rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀: oṣù 8 lẹ́yìn iṣẹ́ ni ẹ ní láti gba Part B, COBRA kò dá a dúró. Ẹlẹgbẹ́ mi kan kò mọ̀. Ìdá 10 nínú 100 ni wọ́n máa ń fi kún owó Part B fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi pẹ́, títí ayé ni.

Wọ́n ti pààrọ̀ orúnkún mi ní oṣù kejì. Mo gbọ́ pé ọmọkùnrin náà ti fi ìhà ọ̀dọ̀ wa sílẹ̀, ìhà Katy àti Sugar Land ló wà báyìí. Fìlà gọ̀bì, kúlà aláwọ̀ búlúù, "Mọ́mì" lẹ́nu. Bí ẹ bá rí i tí ebi sì ń pa yín, ẹ jẹ jọ́lọ́ọ̀fù rẹ̀, ó dùn. Ẹ sáà fi káàdì yín sílẹ̀ nílé.