ChatGPT fún oníṣòwò àdìrẹ: bí ẹ bá ṣe rán an níṣẹ́ ni yóò ṣe jẹ́ ẹ

Ẹni tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú l'Abẹ́òkúta tàbí lórí WhatsApp kò nílò láti sanwó fún ChatGPT, ẹ̀rọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń kọ ọ̀rọ̀ bí a bá rán an níṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní Plus jẹ́ dọ́là 20 lóṣù, àǹfààní rẹ̀ tó hàn jù sì ni pé kì í tètè sọ pé iṣẹ́ ti tó fún òní. Fún ìsọ̀ tó ń kọ ìpolówó mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ti ọ̀fẹ́ tó. Ohun tó ń pinnu bóyá yóò wúlò ni ọ̀rọ̀ tí a fi rán an níṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní prompt.

Ẹ kọ “Bá mi kọ ìpolówó fún àdìrẹ mi” sí i, ọ̀rọ̀ dídùn ló máa kó wá: aṣọ tó rẹwà, tó bá gbogbo ayẹyẹ mu, tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí láéláé, tí a ó sì gbé wá bá yín lọ́fẹ̀ẹ́. Aṣọ tí a fi èlú rẹ máa ń ṣí nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi ìpolówó bẹ́ẹ̀ tajà ti ra ìjà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń tẹ̀ lé ara wọn nínú àìmọye ohun tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà ló ń tò. Ìpolówó aṣọ kún fún ìlérí, òun náà á ṣèlérí. Ẹni tí a rán níṣẹ́ ẹrú tó fi tọmọ jẹ́ ẹ, ó mọ ilé tí wọ́n rán an sí. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ìsọ̀ yín rárá, nítorí náà ohunkóhun tó bá ṣáà jọ òótọ́ ni yóò fi dí àlàfo tí ẹ bá fi sílẹ̀.

Iṣẹ́ tó yè kooro rí báyìí, kí olúkúlùkù fi iye owó tirẹ̀ sí i:

“Mò ń ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta. Kọ ìpolówó WhatsApp kan, má kọjá ọ̀rọ̀ 60. Àwọn obìnrin tó ń wá aṣọ ẹbí ló máa kà á. Aṣọ òwú ni, yáàdì 5, ₦18,000. Owó ìfiránṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Èlú máa ń ṣí díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́: sọ bẹ́ẹ̀, kí o sì ní kí wọ́n fi omi tútù fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ohun tí n kò sọ, má fi kún un. Bí ohun kan bá kù, béèrè lọ́wọ́ mi kí o tó kọ.”

Gbólóhùn mẹ́ta tó kẹ́yìn ló ń dín irọ́ kù jù lọ. Lẹ́yìn wọn, ẹ lẹ ìpolówó méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ fúnra yín ti kọ tó sì tajà mọ́ ọn, kó rí àpẹẹrẹ. Èyí ṣiṣẹ́ ju kí ẹ ní “jẹ́ kó dùn” lọ. Bí èsì kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má kọ “tún un ṣe” lásán. Ẹ kọ “yọ ìlà kejì, gé ìlà kẹta sí ọ̀rọ̀ 10.”

Èdè Yorùbá ni ibi tó ti ń ṣe ségesège jù. Àmì ohùn máa ń ṣì í lọ́wọ́: òwú tí a fi hun aṣọ lè di owú tí orogún ń jẹ, tàbí kó di Òwu. Àwọ̀ aṣọ lè di awọ ẹran. Èyí tó tún burú jù ni pé ó lè máa pe oníbàárà tó tó ìyá ẹni ní “o” àti “rẹ”. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní tààrà: “Lo ‘ẹ’ àti ‘yín’ fún oníbàárà.” Kẹ́ ẹ sì to orúkọ ọjà yín fún un bí ẹ ṣe ń pè é, àdìrẹ oníko, àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kó má baà ṣẹ̀dá orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Síbẹ̀, kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa kà á kó tó jáde.

Ohun kékeré kan tó ń da ìpolówó rú: ìràwọ̀ méjì (**) ni ẹ̀rọ náà sábà fi ń yí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kó dúdú ká, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ kan (*) ni WhatsApp ń lò. Ẹ ní kó lo ẹyọ kan, tàbí kó má lo ìkankan.

Fún ìdáhùn sí oníbàárà tó ń bínú, ẹ sọ ohun tí ẹ lè ṣe fún un àti ohun tí ẹ kò lè ṣe: “A lè pààrọ̀ láàárín ọjọ́ 7, a kì í dá owó padà.” Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ó lè tọrọ àforíjì títí yóò fi ṣèlérí gbogbo owó yín. Ẹ yọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì kúrò kí ẹ tó lẹ ọ̀rọ̀ oníbàárà síbẹ̀. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti 2023, ọ̀rọ̀ oníbàárà kì í sì í ṣe tiwa láti pín.

Ìṣirò náà lè ṣì í lọ́wọ́. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: aṣọ ẹbí ènìyàn 35 ní ₦18,000 jẹ́ ₦630,000, ẹ yọ ìdá 5 nínú 100 fún ẹ̀dínwó, ó ku ₦598,500. Ẹ ní kó fi ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn, kí ẹ sì fi kakulétọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ tọ́jú àlàyé ìsọ̀ yín sínú fóònù kí ẹ lè máa lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn jù, ó lè gbàgbé àṣẹ àkọ́kọ́. Nígbà náà, ẹ ṣí ojú ewé tuntun (New chat).

Ó lè ya àwòrán àdìrẹ náà, ó sì lè rẹwà. Ẹ má fi tajà o. Aṣọ yẹn kò sí níbì kankan, kò sì sí aláró tó máa rẹ ẹ́ kó jọ ọ́. Ẹ tẹ́ èyí tó wà nílẹ̀ síta láàárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì fi fóònù yà á.