Àgbéyẹ̀wò Ohun Èlò Onígi Mẹ́fà fún Mímọ Ìkòkò Bonsai, Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́jọ tí Mo Ti Ń Lò Wọ́n

Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn ibi tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ amọ̀ ní Stoke-on-Trent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi tí mo fi ń fá amọ̀ là sí méjì mọ́ mi lọ́wọ́. Kì í ṣe pé ó sán díẹ̀. Ó là láti ìbàdí dé etí, ṣóńṣó rẹ̀ tí ó mú bí ẹ̀gún sì wọ igun ìkòkò tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́ta mọ, ó gún un já sí òdìkejì. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti àtàǹpàkò mi sórí amọ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò náà ni mo ń wò. Ìkòkò kẹta nìyẹn tí mo mọ fún igi bonsai kan ṣoṣo, ìyẹn igi tí a ń tọ́ nínú ìkòkò kí ó lè máa wà ní kékeré. Méjì àkọ́kọ́ ti lọ́ nígbà tí wọ́n ń gbẹ, ẹ̀bi tèmi sì ni ìyẹn, nítorí pé mo tètè ṣí ọ̀rá kúrò lórí wọn. Ti ẹ̀kẹta yìí kì í ṣe ẹ̀bi mi, ìdí rèé tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí ní kíkún.

Pọ́n-ùn 62 ni mo ra ohun èlò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́wọ́ ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí ń bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn: igi ìfámọ̀ méjì, igi pẹlẹbẹ kan tí a fi ń lu amọ̀, ọ̀bẹ onígi méjì, àti igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún títẹ ojú ìsopọ̀. Ẹni tí ó bá ń mọ ìkòkò ti mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe, n kò ní kà á lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí ó yẹ kí n ṣàlàyé ni ìdí tí ìkòkò bonsai fi ń béèrè ju ìkòkò mìíràn lọ lọ́wọ́ ohun èlò.

Igi juniper kan tí mo ti ń tọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án ni mo ń mọ ìkòkò náà fún. Gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 52. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fẹ́ kí gígùn ìkòkò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta gíga igi, kí jíjìn rẹ̀ sì sún mọ́ bí ìdí igi náà ṣe sanra tó, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà 35 ni mo nílò. Amọ̀ tí à ń lò ní kíláàsì wa máa ń sún kì ní nǹkan bí ìdá 12 nínú 100 láti ìgbà tí ó tutù títí tí yóò fi jáde nínú ìléru, mo sì ní láti mọ tèmi ní sẹ̀ǹtímítà 40. Igi tí ewé rẹ̀ kì í wọ́, bíi juniper àti pine, ni àwọn ará Japan sábà máa ń gbìn sínú ìkòkò tí a kò kun ní ọ̀dà dídán, irú èyí tí ìlú Tokoname ní ìpínlẹ̀ Aichi lókìkí fún. Kò sí ọ̀dà tí yóò bo àléébù lára irú ìkòkò bẹ́ẹ̀. Gbogbo ipa tí ohun èlò bá fi sílẹ̀ lára amọ̀ ni ojú yóò rí. Ilẹ̀ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, nítorí ibi tí ó bá kòtò díẹ̀ ni omi yóò dúró sí, gbòǹgbò yóò sì rà. Igun ni ó wá ṣòro jù. A óò gé odi mẹ́rin láti ara amọ̀ pẹlẹbẹ, a óò fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kọ etí wọn, a óò fi amọ̀ olómi lẹ̀ wọ́n pọ̀, bí a kò bá sì tẹ ojú ìsopọ̀ náà mọ́ra dáadáa láti inú, yóò ya nígbà tí ó bá ń gbẹ tàbí nígbà tí ó bá wà nínú iná. Bí ó bá sì jẹ́ ojú kékeré tí a kò rí ni, omi òjò yóò wọ̀ ọ́ níta, yóò di yìnyín ní ìgbà òtútù, yóò sì ya ìkòkò náà.

Igi ìlùmọ̀ wọn dára ju gbogbo èyí tí mo ti lò rí lọ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí inú tó tún bí mi. Ojú kan rẹ̀ dán, wọ́n gbẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú kejì, ìlà wọ̀nyí kì í sì í jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ amọ̀ tútù, nítorí pé díẹ̀ lára igi náà ni ó ń fara kan amọ̀. Ó wúwo níwọ̀nba. Bí mo bá fi lu odi ìkòkò, mo máa ń gbọ́ bí ìró náà ṣe ń yí padà bí amọ̀ ṣe ń ki sí i.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ ilé ìtajà náà. Mo sanwó ní ọjọ́ kìíní; ẹrù dé ní ọjọ́ kọkànlá; igi là ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n; mo kọ ímeèlì àkọ́kọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí òṣìṣẹ́ wọn kan tó fèsì. Ó ní igi jẹ́ ohun àdáyébá, ó sì bèèrè bóyá mo rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú. N kò rẹ ẹ́. Ó ní kí n ya àwòrán rẹ̀ láti apá mẹ́ta. Méje ni mo yà, mo fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú méjì kí wọ́n lè rí bí ó ṣe nípọn tó. Èsì tí mo gbà ni pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí oníbàárà fi lè dá ọjà padà ti kọjá, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n sì ni a wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin tiwọn gan-an ni ó mú kí ọgbọ̀n ọjọ́ náà pé. Nígbà tí mo fi èyí hàn án, gbólóhùn kan náà ni ó tún fi ránṣẹ́, kò yí ọ̀rọ̀ kan padà nínú rẹ̀, ó kàn fi kún un pé àwọn yóò yọ ìdá 10 nínú 100 kúrò bí mo bá tún rajà. Nínú ímeèlì rẹ̀ kẹta, ó pe igi ìfámọ̀ ní ṣíbí. Ibẹ̀ ni ó dùn mí dé egungun, nítorí ó hàn sí mi pé ẹni tí ń dá mi lẹ́jọ́ kò tilẹ̀ mọ ohun tí ó tà fún mi.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún màmá mi ní Ìlọrin lórí fóònù. Àdúgbò Òkèlélé níbẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn, láàárín àwọn obìnrin amọ̀kòkò tí ń lu amọ̀ lé ìdí ògbólógbòó ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, “Àjọkẹ́, ẹni tí ó gbẹ́ igi ni kí o wá lọ, fi ẹni tí ó tà á sílẹ̀. Ṣé kò kọ ibi tí ó wà sí nǹkan kan ni?” Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí n wò ó, Màmá.” Mo yí káàdì kékeré tí ó wà nínú páálí náà padà, àdírẹ́sì ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsù ni ó fi kọ ọ́. Mo fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí i, mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà náà pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kò bèèrè nípa omi. Ohun tí ó kọ́kọ́ bèèrè ni ọwọ́ mi, bóyá ojú ọgbẹ́ náà ti jinná. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé ìdajì igi náà sábẹ́ iná, kí n sọ fún òun bóyá àwọn ìlà ara rẹ̀ lọ láti orí dé ìdí ni, tàbí wọ́n dábùú ìbàdí rẹ̀. Wọ́n dábùú rẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní òun mọ pákó tí òun ti gé e: ìkángun pákó cherry kan ni, òun kò fẹ́ kí ó ṣòfò, òun sì gbé àpẹẹrẹ náà lé e ní ìbú dípò òòró. Igi tí ìlà rẹ̀ bá dábùú ibi tí ó tín-ín-rín kò lè gba agbára ọwọ́, ibẹ̀ ni yóò ti là, ì báà rí omi tàbí kó má rí i. Ó ní ẹ̀bi òun ni, ó sì tọrọ àforíjì láìfi ọ̀rọ̀ kankan bò ó. Ọwọ́ wo ni mo fi ń ṣiṣẹ́? Òsì. Báwo ni igun inú ìkòkò mi ṣe rí? Ó ní kí n gbé owó ẹyọ sí i títí n óò fi rí èyí tí yóò bá a mu, pẹ́nì kan ni ó sì bá a mu. Ogójì ìṣẹ́jú ni a fi sọ̀rọ̀. Ìbínú tí mo ti gbé kiri fún ọ̀sẹ̀ méjì rọlẹ̀ lára mi kí a tó dágbére.

Ọjọ́ kẹfà ni igi tuntun dé. Ìlà ara rẹ̀ gùn láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí irun tí a fi òòyà yà, orí rẹ̀ yí bí etí pẹ́nì, ibi tí àtàǹpàkò òsì mi yóò sinmi sí ni ó sì fá wọnú díẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sí ìwé kékeré pé òróró linseed ni òun fi pa á, àti ọjọ́ tí òun pa á. Mo fi mọ ìkòkò kẹrin. Igi náà wọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wẹ́kú, n kò sì ní láti fi ìka tún ibì kankan ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bò ó lọ́rá kí ó máa rọra gbẹ. A sun ún lẹ́ẹ̀kan ní ìwọ̀n ooru 1,000, a tún sun ún ní 1,220 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì jáde ní àwọ̀ ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí, igun rẹ̀ kò ya. Nínú oṣù Kẹta ni mo gbé juniper náà sínú rẹ̀, mo gba ihò ìsàlẹ̀ fa wáyà dè é. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, mo dúró tì í lábẹ́ agbòjò, mo ń wo bí omi ṣe ń jáde ní ihò méjèèjì títí tí ó fi dá. Inú mi dùn débi pé mo pe Màmá lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ohun díẹ̀. Ẹnu ọ̀kan nínú ọ̀bẹ méjèèjì nípọn jù, èmi fúnra mi ni mo fi sáńpépà fá a. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń tẹ ojú ìsopọ̀ hu irun nígbà tí ó kọ́kọ́ rí omi, ó sì gba òróró ẹ̀ẹ̀mejì kí ara rẹ̀ tó dán. Ilé ìtajà náà kò tíì fèsì sí ímeèlì tí mo kọ gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì dá kọ́bọ̀ padà nínú owó mi. Ti gbẹ́nàgbẹ́nà nìkan ni mo rí gbà.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ti sanwó fún igi ìlùmọ̀ mìíràn, èyí tí ó kéré díẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.