Ẹ ṣọ́ra o: tẹ́ ẹ bá bá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àlòkù ní gbígbóná, ẹ má tíì sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kówó lé ọkọ̀ àlòkù kankan. Ọ̀gbẹ́ni tó ta tèmi fún mi ti tan án sílẹ̀ kí n tó débẹ̀, ó ní òun fẹ́ kí éèsì ti mú inú ẹ̀ tutù dè mí, mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀! Àṣé láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì yẹn bá tutù, ńṣe ló ń gbọ̀n, èéfín funfun á máa tú jáde lẹ́yìn, tó bá ti gbóná tán, gbogbo ẹ̀ á fara pa mọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ 2 tí gééjì tó ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í gùn sókè, mo ń bu omi sí rédíétọ̀, omi ń tán, ilẹ̀ gbẹ, n ò rí ibi tó ń jò. Mẹkáníìkì fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó nà án sí mi, ọ́ìlì ti funfun, ó ki bí ìpara. Omi ti wọnú ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé, ti jó. (Tó bá jẹ́ abẹ́ ìdérí ọ́ìlì nìkan lẹ ti rí i, ó lè jẹ́ òógùn tí ẹ́ńjìnnì ń là nínú lásán, pàápàá ọkọ̀ tí kì í rìn jìnnà, àmọ́ tó bá ti dé ara ọ̀pá, ẹ sá.)

Gásíkẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ò wọ́n, iṣẹ́ ẹ̀ ló ń jẹ owó: wọ́n á tú orí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á gbé e lọ fá kó lè tẹ́jú, ọ́ìlì tuntun, omi rédíétọ̀ tuntun, tí irin ibẹ̀ bá sì ti sán, ẹ tún ń wá orí míì nìyẹn. Owó tí mo ná sún mọ́ ìdajì owó tí mo fi ra ọkọ̀. Mo pe ọ̀gbẹ́ni yìí, ó ní ṣebí mo yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó sanwó, látìgbà yẹn kò gbé fóònù mi mọ́.

Iná ẹ́ńjìnnì, èyí tó máa ń kìlọ̀ pé nǹkan ń ṣe é, tí ò tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù ọjọ́ yẹn ńkọ́? Ọ̀gbẹ́ni yẹn ti fi skánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ wò, pa á rẹ́ ni. Tẹ́ ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ọkọ̀, iná yẹn gbọ́dọ̀ yọ, tí ò bá yọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tọwọ́ bọ̀ ọ́, tàbí kí gílóòbù ẹ̀ ti jó. Gíà tó ń yí fúnra ẹ̀, ẹ wà á tó bí ìṣẹ́jú 30 kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́, torí nígbà míì, ìgbà tó bá gbóná ló máa ń pẹ́ kó tó wọlé, á wá ta yín síwájú lójijì.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án dè yín. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá gbóná, ẹ ní ẹ ń bọ̀ lọ́la.